Nígbà Tí Shingles Dó Ti Ojú Ọ̀tún Mi

Àṣá kan ló gbé àdàbà lórí fẹ́ǹsì ẹ̀yìnkùlé wa ní Norcross, ní Georgia, ní Amẹ́ríkà. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń tu ìyẹ́ rẹ̀ láàyè. Mo wà lójú wíńdò kíṣìnnì, mò ń yára yà á sínú ìwé kó tó fò lọ. Iṣẹ́ mi lásìkò òtútù nìyẹn: ẹyẹ ẹ̀yìnkùlé ni mò ń yà láàárín ọ̀sẹ̀, tó bá di Saturday, ọkọ mi á wà mí rin ìrìn bíi wákàtí márùn-ún lọ sétí òkun lọ ya òfú, ẹyẹ omi ńlá tó ní àpò lábẹ́ ẹnu. Bí mo ṣe dé orí èékánná àṣá yẹn ni nǹkan gún mi lókè ojú ọ̀tún, àfi bí ìgbà tí wọ́n kan ìṣó mọ́ mi lórí. Pẹ́ńsù bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí n tó gbójú sókè, àdàbà ti kú.

Mo ní atẹ́gùn òkun ni. Ta ni kò mọ oògùn òtútù nínú ọmọ Yorùbá? Mo bu báàmù gbígbóná, mo fi ọwọ́ méjèèjì pa á kárí iwájú orí. Nígbà tí ìléròrò wẹ́wẹ́ yọ, mo ní báàmù ló bó mi. Bàbá Tọ́lá, ọkọ mi, ní ká lọ rí dókítà. Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún dókítà, pé ìyàwó àwọn ò mọ báàmù pa?

Ìrora náà wá dìjà. Á jó mi bí iná, á dákẹ́, á tún fọ́ mi lójú. Bí irun kan bá fara kàn mí lórí, màá kígbe. Lọ́jọ́ kan, mo la ife tíì mọ́ ògiri nítorí pé Bàbá Tọ́lá béèrè bóyá ó ti ń rọlẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìrora tó bá tó ìrora máa ń sọ àgbàlagbà di ìkà.

Lọ́jọ́ Sunday, mo fi gèlè bo gbogbo rẹ̀, mo gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ, torí n kò lè gbé orí tó bó lọ fún àwọn ará wò. Sister Bísí, nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ wa, rí i pé ojú kan ṣoṣo ló ń ṣomi. Ó fà mí wọ restroom, ó tú gèlè mi láì tọrọ àyè.

"Mummy, kí lẹ fi pa á?"

"Báàmù. Òun ló bó mi."

"Ẹ pa á kárí, àbí? Kí ló dé tí apá òsì ò bó?"

Mo wo dígí. Òótọ́ ni, ìléròrò náà dúró gbáko ní àárín iwájú orí mi, wọn ò kọjá sí òsì. Ọ̀kan tún wà ní ṣóńṣó imú.

"Báàmù kì í mọ ààlà, Mummy. Shingles nìyí, ó sì lè ti wọnú ojú. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí ER, ibi ìtọ́jú pàjáwìrì."

Ohun tí àwọn dókítà padà ṣàlàyé fún mi rèé. Kòkòrò chickenpox tó mú wa ní kékeré kì í kúrò lára. Inú iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára ló ń sùn sí. Tí agbára ara bá dínkù, á jí, á sì gba ojú ọ̀nà iṣan kan ṣoṣo jáde. Ìdí nìyẹn tí kì í fi kọjá sí apá kejì. Iṣan tèmi ni èyí tó lọ sí ojú àti imú.

A jókòó pẹ́ ní yàrá ìdúró ER náà, mò ń gbá apá òsì orí mọ́ èjìká ọkọ mi. Dókítà ojú tan iná sí mi, ó ní egbò ti wà lára awọ dídán tó bo iwájú ẹyinjú. Mo bi í pé ṣé ojú náà ò ní fọ́. Ó ní àwọn máa sa gbogbo ipá àwọn. Mo mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe "kò ní fọ́".

Mò ń gbé oògùn mì, Bàbá Tọ́lá ń kán òmíràn sí mi lójú. Gbogbo ohun tí mo fi ojú ọ̀tún wò dà bí omi ògì. Kí ni ayàwòrán fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Mo fa àwòrán òfú mẹ́ta ya. Mo bá Ọlọ́run jà, mo bú ara mi, inú sì bí mi sí gbogbo ẹni tó ní ojú méjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, tí ìrora bá mú yín ní ẹ̀gbẹ́ orí kan, tí ìléròrò sì tẹ̀ lé e, ẹ má fi báàmù tan ara yín. Ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ìrora tèmi ò tíì tán, ó ṣì ń já mi jẹ títí dòní. Ara tí mo ti ń lò bí ẹrú láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, mo ti ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Sister Bísí.

Lọ́jọ́ tí a padà lọ fún àyẹ̀wò, dókítà ní kí n fọwọ́ bo ojú òsì, kí n ka lẹ́tà ara ògiri. Bàbá Tọ́lá ló jókòó nísàlẹ̀ lẹ́tà náà. N kò ka nǹkan kan. Mo rí irùngbọ̀n funfun tí wọn ò fá, mo rí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tó ti ń ṣò lára wọn. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, n kò bi wọ́n rí pé ṣé wọ́n jẹun.

"Bàbá Tọ́lá," mo ní, "ẹ ti rù."

Wọ́n dìde dúró. "Ojú wo lo fi rí mi?"

"Ọ̀tún ni."

Wọ́n tún jókòó, wọ́n fi fìlà bojú, wọ́n sì sunkún níwájú dókítà.