Orúkọ Bàbá Mi Nínú Ìwé Ìbí

Òórùn yíǹkì àti ti ìwé àtijọ́ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ l'Ọ́fà nígbà náà. Ó ku bí ọdún kan kí a gba òmìnira. Ilé ẹ̀kọ́ girama ti gbà mí, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí n kò bá mú ẹ̀rí ọjọ́ ìbí mi wá títí ọjọ́ Ẹtì, ẹlòmíràn ni yóò gba àyè mi. Iṣẹ́ rélùwéè ti gbé bàbá mi lọ sí ìdálẹ̀, nítorí náà èmi fúnra mi ni mo lọ béèrè.

Akọ̀wé fún mi ní bébà. “Kọ ohun tí o ń fẹ́. Ẹnu lásán kì í wọ fáìlì.” Mo kọ orúkọ mi, ti bàbá mi, agboolé wa àti ọdún tí wọ́n bí mi. Ó ṣí ìwé ńlá kan, ó fi ìka tọ ìlà títí, ó mi orí.

“Nínú ìwé tèmi o, wọn ò tíì bí ọ.”

Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn. Mo bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló máa ń wá sọ pé wọ́n bímọ?”

“Ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ọmọ ò tíì lórúkọ lọ́jọ́ yẹn, orúkọ bàbá là ń kọ.”

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ní ara òun kò tíì yá nígbà náà, ìyàwó àbúrò bàbá mi ni òun rán. Mo sáré lọ bá a. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

“Háà, Àbẹ̀kẹ́! Kí n wá pe orúkọ ẹni tí mo bá nílé ọkọ? Agùntáṣọọ́lò ni mo sọ fún wọn.”

Ìwọ náà mọ àṣà wa: ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó ti wà nílé ọkọ kó tó dé, àfi kó fún un ní tirẹ̀. Bàbá mi ga, ìyẹn ló ṣe pè é bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, mo kọ ìwé mìíràn, mo fi Agùntáṣọọ́lò sí àyè orúkọ bàbá mi, èmi àti ìyàwó àbúrò bàbá mi sì jọ lọ. Kò pẹ́ tí akọ̀wé fi kígbe pé, “Òun nìyí! Ojú mi kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá, ẹ dárúkọ rẹ̀ gan-an kí n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.”

Ìyàwó àbúrò bàbá mi wo ilẹ̀. “Ẹ bi ọmọ ẹ̀.”

Mo dárúkọ bàbá mi, akọ̀wé kọ ọ́ síbẹ̀, ó da àkọsílẹ̀ náà kọ sórí bébà fún mi, ó sì lu òǹtẹ̀ lé e. Mo wọlé ẹ̀kọ́ náà.

Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ gba àkọsílẹ̀ kankan lọ́wọ́ ìjọba, n kì í gbára lé ohun tí èmi mọ̀ nìkan. Mo máa ń kọ́kọ́ wádìí ẹni tó dúró níwájú akọ̀wé lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́, àti ohun tí kò lè ti ẹnu onítọ̀hún jáde.