Ẹni Tó Bẹ Èébú fún Ọmọ Rẹ̀

Bàbá Jẹ́jẹ́ télọ̀ kì í bá ènìyàn jà. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní láti dúró kí a tó gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń rántí òwúrọ̀ tó bá Ìyá Eléèédú jà.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun, ohun tó ti ń fẹ́ láti kékeré. Ara ọmọ náà le, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ le jù ú lọ. Wọ́n ti lé e níbi iṣẹ́ búrẹ́dì, torí ọ̀gá sọ ọ̀kan, ó sọ méjì. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fèsì fún ọ̀gá ní ibùdó àwọn ológun, ilé ló ń lọ. Baba rẹ̀ gbìyànjú láti máa jágbe mọ́ ọn, kó lè mọ́ ọn lára.

Ọmọ ní, "Ẹ ní kí ni, Bàbá?"

Ló bá lọ bẹ Ìyá Eléèédú. Bí obìnrin yìí bá pe ọmọ rẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ló ń dáhùn.

"Ẹ bá mi bú u bó bá ń sáré kọjá. Kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́."

Ilẹ̀ mọ́, ọmọ sáré dé iwájú ìsọ̀ èédú.

"Ọ̀lẹ! Ṣé eré lò ń sá ni, àbí ò ń wá owó tó sọnù? Wo ẹsẹ̀ bí igi ìgbálẹ̀!"

Ọmọ la ẹnu, ó tún pa á dé, ó ń sáré lọ. Baba rẹ̀ ló já jáde, tépù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ta ni igi ìgbálẹ̀? Ẹsẹ̀ ìyá mi nìyẹn!"

"Háà! Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n bú u?"

"Mo ní kẹ́ ẹ bú u ni, mi ò ní kẹ́ ẹ sọ òótọ́!"

Bàbá Jẹ́jẹ́ rán àpò kan, ó rọ yanrìn kún un kí ọmọ máa gbé e sáré. Àmọ́ àánú ọmọ ń ṣe é. Bí ọmọ bá ti yíjú, á bu yanrìn kúrò, á fi ègé aṣọ dípò rẹ̀. Àpò ń tóbi, ó ń fúyẹ́.

"Bàbá, àpò yìí ò wúwo mọ́."

"Okun rẹ ló ń pọ̀ sí i."

Ọmọ ò jiyàn. Ó wá búlọ́ọ̀kù, ó tì í sísàlẹ̀ àpò. Lọ́jọ́ tí Bàbá Jẹ́jẹ́ fẹ́ gbé e kúrò lọ́nà, àpò ò mira. Ó wò ó títí. Ó ní, "Àṣé okun tèmi ló ń dín kù."

Nígbà tí ọjọ́ ìrìnàjò kù sí dẹ̀dẹ̀, ó fún un nímọ̀ràn kan. "Bí wọ́n bá ń bú ọ, máa rán aṣọ lọ́kàn. Kó o tó rán an tán, ó ti rẹ ẹni tó ń bú ọ."

"Bàbá, mi ò kúkú mọ aṣọ rán."

"Ìyẹn ló máa jẹ́ kó pẹ́."

Ọmọ lọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ bó ṣe yẹ ní gbogbo ìgbà tó fi wà lọ́hùn-ún. Bí mọ́tò bá ti dúró ní ìta, ẹ̀rọ á dákẹ́.

Ó padà dé nínú aṣọ ológun. Bàbá Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ yẹ apá aṣọ náà wò, ó mi orí sí iṣẹ́ ẹni tó rán an.

"Ṣé wọ́n bú ọ?"

"Wọ́n bú mi gan-an, Bàbá."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo dákẹ́."

Ó jókòó. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Ó tún dìde, ó dé fìlà.

"Ta ló bú ọ? Kí ló sọ? Mú mi lọ bá a."

Bàbá Jẹ́jẹ́ ti kú báyìí. Ọmọ náà ti di ọ̀gá, òun ló ń kọ́ àwọn tuntun. Ó ní èébú kì í dun òun mọ́. Ó ní ohun tó ń dun òun ni pé kò sẹ́ni tó ń bi òun léèrè ẹni tó bú òun mọ́.