Àwọn Àìsàn Tí Wọ́n Jọ Kọ̀ l'Álápẹ̀rẹ̀

Ẹnu àwọn èèyàn ayé ìsinsìnyí ti wá burú. Ọmọdé da omi nù, wèrè ni. Kọ̀ńdọ́ ò ní ṣéńjì, wèrè ni. Ọkọ pẹ́ kó tó délé, wèrè lòun náà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń fi kíra wọn bí ẹ káàárọ̀. Ká ní wọ́n gbé ilé tí Kúnbi gbé l'Álápẹ̀rẹ̀ lọ́dún tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn kálẹ̀ ni, wọn ì bá mọ̀ pé ọ̀nà tí orí ń gbà dàrú pọ̀.

Kúnbi ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà yẹn, ti àwọn tó ń tọ́jú alárùn ọpọlọ. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ìwé kì í wọ̀ ọ́ lórí àfi tó bá kígbe kà á bí ọmọ iléékéwú. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan nínú ìdánwò tí wọ́n ń fẹnu dáhùn. Tó bá tún fìdí rẹmi, wọ́n á lé e kúrò nílé ìwé nìyẹn, ibi ààrò gàrí ìyá ẹ̀ n'Íjẹ̀bú ló sì ń lọ tààrà.

Láàárọ̀, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀, á pariwo: "Dipúrẹ́ṣọ̀n!"

Kó tó mí, Mọ́mì Levi, opó tó ń gbé yàrá kejì, á ti ta ìka yí orí ká, á ní òun kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù. Kúnbi á tún ní, "Sikisofírẹ́níà!" Wàsíù, aráalé míì tó ń fi lílẹ táyà létí títì jẹun, á ṣe àmín láti balùwẹ̀, tòun ti ọṣẹ lójú. Ta ló máa dárúkọ àìsàn gbàgà nínú ilé tí yàrá kọjú síra wọn, káwọn aráalé wá dákẹ́? Kúnbi bẹ̀bẹ̀ títí, ó ní ìwé lòun ń kà, òun ò ránṣẹ́ pe nǹkan kan. Mọ́mì Levi ní tó bá pe àìsàn, táwọn ò lé e, ṣé orí òrùlé ni àìsàn ọ̀hún máa sùn ni?

Wàsíù ló là wọ́n. Ó ní, "Mọ́mì Levi, ẹ wò ó o. A ò mọ ohun tá à ń kọ̀ yìí. Tá a bá lọ kọ ire ńkọ́?"

Ẹ̀rù ba Mọ́mì Levi. Ló bá pàṣẹ: Kúnbi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ túmọ̀ ẹ̀. Òyìnbó inú ìwé ò sì wúlò fún wọn, àfi kó fẹnu ara ẹ̀ wá a.

Ó ní halusinéṣọ̀n ni kéèyàn máa gbọ́ ohùn ẹni tí ò sí níbẹ̀. Mọ́mì Levi bi í pé ti Ẹ̀mí Mímọ́ ńkọ́. Kúnbi ronú, ó ní èyí tó bá ní kéèyàn bọ́ sódò l'Ájégúnlẹ̀ lòun ń sọ. Wọ́n kọ ìyẹn. Ó ní dilúṣọ̀n ni kéèyàn gba ohun tí ò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́, kí gbogbo ayé ṣàlàyé, kó má gbà. Wàsíù ní lándílọ́ọ̀dù tó ń sọ pé ilé yìí kì í jò ńkọ́? Ó ní mánìà ni inú dídùn tí ò ní bíréèkì, tí oorun ń sá, tí ọ̀rọ̀ ń sáré ju ẹnu lọ. Gbogbo wọn yíjú sí Wàsíù. Ó ní kí wọ́n má wo òun, òun ń sùn.

Ó wá kan dipúrẹ́ṣọ̀n. Kúnbi ní kì í ṣe ìbànújẹ́ ọjọ́ kan. Oúnjẹ á dà bí iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu, ìwẹ̀ lásán á di iṣẹ́ ńlá.

Mọ́mì Levi ò ta ìka. "Ìyẹn ti ṣe mí rí," ló wí. "Nígbà tí bàbá Levi kú." Ó wá rọra ta á, ó ní kó má padà wá mọ́.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Mátírọ̀n kan báyìí tó fi awò ojú há ṣóńṣó imú bi í léèrè mánìà. Kúnbi tú u palẹ̀ kedere, ọwọ́ ẹ̀ bá fò sókè, ó ta ìka yí orí ká. Mátírọ̀n bi í pé kí nìyẹn. Kúnbi yára kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Bá a ṣe ń parí ẹ̀ nílé wa nìyẹn."

Wọ́n bi í léèrè òmíràn, ó tún dáhùn, ó tún ta ìka. Nígbà tó fi máa kan dilúṣọ̀n, Mátírọ̀n bojú wẹ̀yìn, òun náà rọra ta tiẹ̀.

Kúnbi yege, kò rá pálá rárá. Lọ́jọ́ tó gbé èsì délé, Mọ́mì Levi pọ̀n ọ́n yí àgbàlá ká bí ọmọ ọwọ́, ó ń sọ fún gbogbo Alápẹ̀rẹ̀ pé àwọn méjèèjì làwọn jọ yege. Wàsíù ní irọ́ ni, ẹni mẹ́ta ni. Mọ́mì Levi bá sọ Kúnbi kalẹ̀, ó fọwọ́ sí ìbàdí, ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí Kúnbi padà lọ bá Mátírọ̀n yẹn, kó sọ fún un pé—

"Ìyá àgbà! Wọ́n ń pè yín níta o!"

Mò ń bọ̀, ẹ jẹ́ n parí ìtàn mi ná. Ó ní kó sọ fún un pé aṣọ funfun nọ́ọ̀sì tòun, kí wọ́n rán an kó fẹ̀ níbàdí.