Bámiṣẹ́, Ẹni Tí Kì Í Sọ Pé Òun Ò Mọ̀

Ọdún mẹ́sàn-án ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bámiṣẹ́ ní Èrúwà, mi ò gbọ́ kó sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan péré lọ pé òun ò mọ nǹkan. Tíṣà ìṣirò ni níléèwé girama. Bó bá ti jáde lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án, á wá ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ti ń ta bírò, ìwé àti káàdì. Ẹ bi í nípa òjò, á dá yín lóhùn. Ẹ bi í nípa ẹ̀rọ ìránṣọ mi, òun tí kò ki okùn bọ abẹ́rẹ́ rí, á dá yín lóhùn, bí mo bá sì ní kò rí bẹ́ẹ̀, á ní èmi ni mi ò mọ ẹ̀rọ náà lò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ o. Ẹ má rò pé mo ń bú u.

Káàdì tí mò ń wí kì í ṣe wọ́ọ̀tì. Ogun Ààlà ni wọ́n ń pè é, àwọn ọmọ pólì ló kó o dé. Oníkálukú á ra káàdì ní páálí páálí, á ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́, á wá ṣa ogójì jọ tí yóò fi bá ẹlòmíràn jà. Ogójì yẹn ni wọ́n ń pè ní dẹ́ẹ̀kì. Àwọn káàdì kan jẹ́ jagunjagun, àwọn kan jẹ́ oko tó ń bọ́ wọn, àwọn kan sì jẹ́ àjálù.

Ọ̀dọ̀ Bámiṣẹ́ ni wọ́n ti ń gba ìmọ̀ràn. Ọmọ kan á kó jagunjagun ọgbọ̀n wá, Bámiṣẹ́ á wò ó, á rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa bọ́ wọn? Ìwọ ọmọ Láńlátẹ̀, tí bàbá ẹ ń gbin ẹ̀gẹ́, o ò mọ̀ pé ebi ń pa ọmọ ogun? Yọ mẹ́jọ kúrò, fi oko dípò ẹ̀." Ọmọ náà á ṣe bẹ́ẹ̀, á sì borí. Bí àríyànjiyàn òfin bá ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni. Ìwé òfin wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣí i. Ó ní inú orí òun ni ìwé náà wà.

Báyìí ni àwọn ìbejì Igbó-Ọrà ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́. Yàrá kan náà ni Táyé àti Kẹ́hìndé ń gbé ní pólì, dẹ́ẹ̀kì kan náà ni wọ́n jọ ní. Káàdì méjì wà nínú rẹ̀ tí gbogbo ẹgbẹ́ wọn ń jowú: ọ̀kan ń jẹ́ Táyé, ìkejì ń jẹ́ Kẹ́hìndé, bíi tàwọn fúnra wọn. Nígbà tí ìdíje ńlá kan ń bọ̀ ní Ìbàdàn, tó jẹ́ ẹnì kan péré ni Èrúwà máa rán lọ, wọ́n wá gba ìmọ̀ràn. Bámiṣẹ́ ní kí wọ́n pín dẹ́ẹ̀kì náà, kí wọ́n ra káàdì mìíràn kún un, kí Táyé mú Táyé, kí Kẹ́hìndé mú Kẹ́hìndé, kí àwọn méjèèjì lè díje.

"A ò pín wọn rí, sà," ni Kẹ́hìndé wí.

"Ẹ pín wọn."

Mo mọ̀ pé a kì í ya ìbejì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n káàdì ni, mo sọ fún ara mi bẹ́ẹ̀, mo sì ń rán aṣọ mi lọ.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe ń ṣe. Gbogbo àwọn yòókù já, ó ku ìbejì méjèèjì lójúkojú níwájú ṣọ́ọ̀bù Bámiṣẹ́ lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Táyé kọ́kọ́ gbé káàdì Táyé kalẹ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Kẹ́hìndé gbé Kẹ́hìndé kalẹ̀. Jagunjagun yòókù ṣubú títí ó fi ku àwọn méjì yìí. Ni Kẹ́hìndé bá fa àjálù kan yọ tó ń jẹ́ Àjàkálẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára ni pé, nínú gbogbo àwọn tó wà lórí tábìlì, àbúrò ni yóò kú.

"Tèmi ló kọ́kọ́ délẹ̀," ni Táyé wí. "Tèmi ni ẹ̀gbọ́n."

Kẹ́hìndé rẹ́rìn-ín. "Níbo ni Táyé ti ń ṣe ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé? Ṣebí èmi ni mo rán ẹ pé kó o lọ tọ́ ayé wò."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Ìbàràpá? Ìbejì tó kẹ́yìn wáyé ni ẹ̀gbọ́n. Bámiṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín, kò fọwọ́ kan dúrọ́ọ̀. Ó na ìka sí tábìlì, ṣùgbọ́n ojú Táyé fúnra rẹ̀ ló ń wò. "Táyé kú," ni ó wí. "Ó parí. Kẹ́hìndé ló ń lọ sí Ìbàdàn."

A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo pàtẹ́wọ́ tán ni mo tó gbọ́ ohun tí etí mi gbọ́. A kì í fi ẹnu pe ikú sí ìbejì. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ pé káàdì kan kú, kò kan ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yìí jókòó síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé Igbó-Ọrà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, Ìyá Ìbejì gun ọ̀kadà wá. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní ẹ ní Táyé mi kú."

"Ẹ má bínú, mà. Káàdì ni."

"Mo mọ̀ pé káàdì ni. Níwájú èèyàn lẹ ti sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é padà níwájú èèyàn. Ẹ kàn ní ẹ ṣì í sọ."

"Mi ò ṣì í sọ, mà. Bí òfin ṣe wí nìyẹn."

Ìyá Ìbejì tún ìró rẹ̀ ró. "Ó dáa. Táyé ò ní í wọ mọ́tò kankan lóṣù yìí." Ó kí mi, ó lọ.

Nígbà tó yá, Bámiṣẹ́ fa dúrọ́ọ̀, ó yọ ìwé òfin jáde, ó ń ṣí i. Ó pè mí. "Ìyá Ìníolúwa, ẹ wá wo nǹkan." Ojú ìwé kẹrìnlá ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé káàdì tó bá kọ́kọ́ délẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n, ohun yòówù kó máa jẹ́. Ẹni tó kọ ìwé náà kò rántí Igbó-Ọrà rárá. Táyé ló borí.

"Bí mo bá ní mo ṣì í," ni Bámiṣẹ́ wí, "gbogbo èyí tí mo ti dá láti ọdún mẹ́ta ńkọ́?"

Gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ, ì bá fi tẹ́ ìyá lọ́rùn, ì bá fi tún ọ̀rọ̀ ọmọ ṣe. Ẹ̀yin ẹ wo ohun tí èmi àgbàlagbà sọ fún un. Mo ní, "Ta ló ń ka ojú ìwé kẹrìnlá? Ẹ fi sílẹ̀, Tíṣà." Ó ti dúrọ́ọ̀ pa.

Láti ọjọ́ náà, ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ọmọ kan wá gba ìmọ̀ràn ní ọjọ́ Ẹtì, Bámiṣẹ́ ní kó fi oko ogún sínú dẹ́ẹ̀kì, kò pẹ́ tó tún ní méjìlá. Ọmọ náà ń wò ó.

Ní àárọ̀ Sátidé, a tẹ̀lé Kẹ́hìndé dé gáréèjì. Táyé ì bá bá a lọ, ṣùgbọ́n ìyá wọn ti kọ̀. Táyé fa káàdì tirẹ̀ yọ, ó fún arákùnrin rẹ̀. "Mú un dání," ó ní, "kí wọ́n lè jọ wà." Bámiṣẹ́ dúró ti fèrèsé mọ́tò.

"Kẹ́hìndé."

"Sà?"

Mo rí ẹnu Bámiṣẹ́ tó là. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. "Má kó àjálù púpọ̀ sínú dẹ́ẹ̀kì," ni ó wí. Dírẹ́bà sì ṣáná sí mọ́tò.

Mọ́tò náà kò dé Ìbàdàn, Kẹ́hìndé kò sì padà wálé. Mi ò ní í fi ẹnu mi sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí wọ́n ti fi ẹnu sọ tẹ́lẹ̀ tó. Táyé ni ìyá wọn fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, ibi tí kò wò ni nǹkan gbà wọlé.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni Táyé wá. Ó ti rù. Ó kó káàdì méjì sílẹ̀ níwájú Bámiṣẹ́, àwọn tí wọ́n bá nínú àpò Kẹ́hìndé. Etí ọ̀kan ti ká.

"Ẹ káàsán, sà. Ìbéèrè òfin ni mo ní."

"Bi mí."

"Mo ti ka ojú ìwé kẹrìnlá. Èmi ló yẹ kí n wọ mọ́tò yẹn." Kò gbé ohùn sókè. "Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, ṣé ẹ ti mọ̀ kó tó lọ?"

Mo dá ẹ̀rọ dúró. Bámiṣẹ́ wo káàdì, ó wo dúrọ́ọ̀, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan.

"Mi ò mọ̀," ni ó wí.

Lọ́dún mẹ́sàn-án, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, irọ́ sì ni. Táyé wá kọjú sí mi.

"Ẹ̀yin ńkọ́, mà?"

Mo ní aṣọ ni èmi ń rán, mi ò mọ nǹkan kan nípa káàdì.