Obìnrin Tó Ń Gba Ẹrù Ọmọdé Kò Sí Nínú Sinimá Wọn

Ọ̀gá onísinimá ti ránṣẹ́ sí mi pé bí òun bá tún rí mi lẹ́nu ọ̀nà òun pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ọlọ́pàá ni òun máa pè. Ó dáa! Kí wọ́n tó dé, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ lè mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n tì mọ́lé.

Ìwé kékeré kan wà nílé wa ní Ore, ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìntì ló kọ ọ́. Ìtàn òótọ́ ni, nípa obìnrin kan tó ń jí ọmọ gbé. Kò ní ìbọn, kò ní àpò. Ó mọ́ tónítóní. Bí ọmọ tó ru igbá bá kúnlẹ̀ kí i, á ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, jẹ́ kí n bá ọ gbé e." Ó tán! Ọmọ wo ló máa fi ẹrù ìyá rẹ̀ sílẹ̀ sá lọ? Ibi tí ẹrù bá lọ lọmọ ń tẹ̀ lé, títí dé inú mọ́tò.

Ojú ìwé kẹtàdínlọ́gbọ̀n nìyẹn wà. Mo kà á fún Bùnmi, ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí. Ẹni tó bá ń gbé nítòsí oríta wa, níbi tí mọ́tò kì í dá, á mọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi ìwé náà ṣe sinimá, èmi àti Bùnmi jókòó síwájú pátápátá. Ẹ̀yin èèyàn mi, obìnrin náà kò sí níbẹ̀ rárá! Ọkùnrin olójú pupa kan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó ń bú ramúramù. Àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń ka àṣìṣe: mẹ́rìnlá géérégé.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo rán Bùnmi lọ ra gàrí. Òfìfo orí ló gbé bọ̀. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ló gbé abọ́ wa níwájú rẹ̀! Tíṣà tuntun ni, àánú ọmọ ló ṣe é. Mo dúpẹ́, mo gba abọ́ wa. Bí kì í bá ṣe tíṣà ńkọ́?

Mo bi Bùnmi pé ṣé ó ti gbàgbé ìwé ni.

"Màmá, a ti rí gbọ́mọgbọ́mọ gan-an ní sinimá. Ojú ẹ̀ pupa."

Ẹ ò rí nǹkan? Mo ní wọ́n máa mọ̀ mí.

Nígbà tí wọ́n gbé sinimá náà dé Odigbo, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tèmi tìwé. Ọ̀gá náà ń rẹ́rìn-ín: "Màmá, ẹ rọra. Ta ló fẹ́ wo obìnrin tó ń bá ọmọdé gbé igbá?"

Àwọn tó tò láti wọlé ni mo kọjú sí, mo ka ojú ìwé kẹtàdínlọ́gbọ̀n láti òkè délẹ̀, mo sì sọ fún wọn pé kò sí nínú sinimá náà.

"Họ̀wù!" ni màmá àgbà kan wí. "Ìyẹn gan-an ni wọ́n yọ?" Ó di ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́ mú, ó yí padà. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ọ̀gá fi sinimá rẹ̀ han àga! Ó dùn mọ́ mi dénú egungun, n kò ní purọ́.

Ẹ kọ́ ọmọ yín kó máa kí àgbà, ṣùgbọ́n bí àjèjì bá gba ẹrù lórí rẹ̀, kó fi ẹrù sílẹ̀, kó sá wálé. Ẹrù ṣeé rà.

Mo gbọ́ pé Agbabu ló kàn. Mo ń lọ. Bí irú èyí bá ti ṣe ọmọ tiyín rí, ẹ sọ fún wa. Bí wọ́n bá sì ń gbé sinimá náà bọ̀ nílùú yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.