Léèsì Ẹ̀yìn Ìsọ̀

Òórùn tí mo fi mọ ìsọ̀ ìyá wa ní ọjà Arzèkè ni ti àńkárá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú: aró, sítáàṣì, àti eruku tí àwọn alábàárù ń fẹsẹ̀ tú sókè. Ibẹ̀ ni àbúrò mi tó jẹ́ sójà ti kọ́ wa bí a ṣe ń gbèjà ibùdó, nígbà tó wá lo ìsinmi rẹ̀ tó kẹ́yìn lọ́dọ̀ wa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ kan ni, ìwọ náà sì mọ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń rí. Nígbà tí èmi gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àwọn ewúrẹ́ àdúgbò wa ní Albarika nìkan ló kù tí mi ò ṣàlàyé òṣèlú fún.

Ó to ìdì aṣọ sílẹ̀. Ó ní àwọn tó wà níwájú á dá ọ̀tá dúró, ìlà tó lágbára á wà lẹ́yìn wọn. Kí ènìyàn tó gbẹ́ kòtò rárá, kó kọ́kọ́ lọ síbi tí ọ̀tá máa gbà wá, kó fi ojú ọ̀tá wo ara rẹ̀. Ó sì jáde lóòótọ́, ó dúró láàárín ọ̀nà, ó ń wo ìsọ̀ náà tìkà-tìkà. Obìnrin kan tó fẹ́ ra aṣọ bi í bóyá ara rẹ̀ yá.

Ó wá tọ́ka sí léèsì tí ìyá wa ń tọ́jú sẹ́yìn, èyí tí wọn kì í mú jáde àfi bí oníbàárà bá ti fẹ́ máa lọ. “Ìyá, àwọn tí à ń pa mọ́ nìyẹn. Bí iwájú bá fẹ́ já, àwọn la máa rán lọ.”

“Ó dáa, ọ̀gá ológun. Níbi tí wọ́n ń gbé yín lọ yìí, ta ló wà lẹ́yìn yín?”

“Igbó ni, Ìyá.”

Èmi àti ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá wa ò rẹ́rìn-ín. “Mi ò bi ọ́ léèrè igi.”

“Ó wà nínú ètò. Ọkọ̀ máa gbé àwọn tí à ń pa mọ́ wá láti ibùdó ńlá. Wọ́n ní kò ní pẹ́.”

Ìdájí ọjọ́ kan lẹ́yìn tó padà síṣẹ́ ni ọ̀tá kọlù òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítòsí ààlà. Wọ́n dá ọ̀tá dúró, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ wa nínú ìsọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ náà dé, òkú ló rí gbé, àbúrò mi sì wà nínú wọn. Níbi ìsìnkú, ọ̀gá kan tó wọ awò dúdú fi Faransé sọ̀rọ̀ gígùn nípa ètò ààbò tó jinlẹ̀. Ó yé mi dáadáa. Ẹ̀kọ́ mi ò kúkú já sásán. Ìyá wa ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo ní, “Wọ́n ní àwọn dúpẹ́.”

Nígbà tí ìyá wa padà sọ́jà, wọ́n kó gbogbo léèsì náà síwájú, wọ́n fi kọ́ sínú oòrùn.

“Àlàájà,” ni aláṣọ ẹ̀gbẹ́ wọn wí, “oòrùn á ba àwọ̀ ẹ̀ jẹ́ o. Ẹ dá a padà sẹ́yìn.”

Ìyá wa ń tún etí aṣọ náà ṣe. “Kí ni mo tún ń pa á mọ́ dè?”

Mo ti ka ìwé púpọ̀ nípa ogun látìgbà náà, nítorí ìwé kíkà nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí àbúrò mi sọ náà ni gbogbo wọn ń sọ. Ohun tó wá yé mi ni pé ìlérí ni gbogbo ètò wọ̀nyẹn, ẹni tó wà níwájú ló ń fi ẹ̀mí rẹ̀ gbà á gbọ́. Léèsì aláwọ̀ ewé kan ṣì wà níwájú ìsọ̀ ìyá wa, apá tó kọjú sí ọ̀nà ti ṣá. Mo máa ń dúró díẹ̀ níbi tí àbúrò mi dúró sí, kí n tó wọlé lọ kí wọn.