Ẹ̀bẹ̀ tí Mọ́mì Lọ Bá Ọ̀rẹ́ Mi Bẹ̀

Kò sí ibi tí mo ti gbóòórùn ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tó jó díẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò tí àyà mi kì í já. Ó máa ń gbé mi padà sí kíṣìnì wa ní Finglas nílùú Dublin, nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, tí kò sí àdúgbò tí wọn ò ti ń kọ́lé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ wà lọ́dún àṣekágbá nílé ẹ̀kọ́ girama. Traveller ni, ìran tó ti ń rìn káàkiri ilẹ̀ Ireland láti ìgbà láéláé. Ọmọ onílẹ̀ pọ́ńbélé ni o, ṣùgbọ́n bó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀ṣọ́ á máa tẹ̀ lé e. Èmi àlejò gan-an, wọn kì í ṣọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Yunifásítì kan wá gbé sikọ́láṣíìpù kalẹ̀ fún àwọn ọmọ Traveller. Bí ọ̀rẹ́ mi ò bá rí i gbà, bàbá rẹ̀ ti sọ pé ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ballycoolin ló máa lọ ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Olùkọ́ wa sì ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá rán èèyàn lọ bẹ ìgbìmọ̀ tó máa pín in, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ ni.

Ta ló máa sọ ìyẹn fún Mọ́mì? Ṣé o mọ bí àwọn ìyá wa ṣe rí. Iṣẹ́ kílínà ni Mọ́mì ń ṣe ní yunifásítì yẹn, wọ́n sì mọ ọ́fíìsì obìnrin tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀. Nígbà tó ku ọ̀la tí wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá ọ̀rẹ́ mi lẹ́nu wò, Mọ́mì bu ìrẹsì kún kúlà, wọ́n gbé e lọ síbẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní kó ṣàánú ọmọ àwọn, ìyẹn ọ̀rẹ́ mi. Orin ni wọ́n ń kọ bọ̀ wálé.

“Mo ti bá a bẹ̀ wọ́n,” ni wọ́n wí. “Ọmọdé kì í dá lọ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àgbà láìlẹ́ni lẹ́yìn.”

Mo rántí ìkìlọ̀ olùkọ́ wa. Bí wọ́n bá yọ orúkọ ọ̀rẹ́ mi ńkọ́? Bí wọ́n bá lé Mọ́mì lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́?

Lọ́jọ́ kejì mo sin ọ̀rẹ́ mi lọ. Nínú bọ́ọ̀sì, ó ń ka ìdáhùn rẹ̀ sínú, n kò lè sọ fún un pé Mọ́mì ti lọ bẹ̀bẹ̀. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì pẹ́ lórí rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, màá dìde dúró. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní olórí ìgbìmọ̀ ti dìde kúrò níbẹ̀, ó ní òun ò ní dá sí i mọ́ nítorí ẹnì kan ti wá bẹ òun. Àwọn tó kù wá bi í bóyá ó mọ obìnrin adúláwọ̀ tó gbóúnjẹ wá. Bó bá sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n, ó bọ́ nínú ewu nìyẹn.

“Kí lo wá sọ?” ni mo bi í.

“Mo ní ìyá ẹ ni. Mo ní mi ò rán wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bẹ̀bẹ̀ fún àwa rí, kí wọ́n jọ̀ọ́ má fìyà jẹ ìyá ẹ.”

Èmi ni mo bú sẹ́kún. Òun ló ń pa mí lẹ́kún, tó ń sọ pé gbogbo ẹ̀ á grand, pé kò séwu.

Wọ́n fún un ní sikọ́láṣíìpù náà. Wọn ò sì lé Mọ́mì. Òfin wọn dáa, n kò bá a jà. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń sọ pé Mọ́mì ló lọ bá ọ̀rẹ́ mi bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo dàgbà ló yé mi pé ọ̀rẹ́ mi ló bá Mọ́mì bẹ̀bẹ̀, níbi tó yẹ kó ti máa sọ ti ara rẹ̀.